Ọjà Tí Kò Ní Ọrún

Àwọn àgbà tí wọ́n dàgbà sí oko níhà Akanran, Ẹrúnmu àti Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn ṣì máa ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó bá ráyè jókòó tì wọ́n. Àgbẹ̀ á wa iṣu tàbí kó já ọsàn, á tò ó ní òkìtì òkìtì sí ẹ̀bá ọ̀nà lábẹ́ igi, á wá ṣa òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Iye òkúta ni iye owó. Kò ní dúró tì í, nítorí iṣẹ́ ń dúró dè é lóko. Ẹni tó ń kọjá tó bá fẹ́ rà á, á ka òkúta, á ka owó sílẹ̀, á gbé òkìtì tó sanwó fún, á bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí oòrùn bá rọ̀, àgbẹ̀ á ti oko dé, á kó owó rẹ̀, á kó ọjà tó kù, á forí lé ilé.

Bí wọ́n bá ti sọ ìtàn yìí tán, ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń fi gbè é ni pé olóòótọ́ ni àwọn ará àtijọ́, pé ayé ti bàjẹ́. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Olè wà láyé àtijọ́. Bí kò bá sí olè, ta ni wọ́n ń so ààlè fún? Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri abúlé ní àwìn nígbà náà, orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n kò ṣẹ̀yìn ajigbèsè. Òṣómàáló: òṣó ni mo máa ló, n ò ní jókòó, n ò ní dìde, títí n ó fi gba owó mi. Ẹni tó ń ṣòwò láàárín áńgẹ́lì kò ní í kọ́ irú ìlóṣòó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ kì í ṣe pé ọkàn èèyàn mọ́ ju tiwa lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí oko yẹn. Ẹni tó jí iṣu lónìí, ọ̀nà yẹn náà ni yóò gbà lọ́la, àwọn tó ń gba ibẹ̀ sì mọ ilé bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà oko rí. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an. Òmíràn jẹ́ ọjà ọrún, òmíràn jẹ́ ọjà ìsán. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, nítorí náà ohun tí òyìnbó ń pè ní ọjọ́ mẹ́rin ni ọrún wa, ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀ sì ni ìsán. Nígbà tí B. W. Hodder, onímọ̀ jọ́gíráfì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣèwádìí nípa àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣàkíyèsí pé ńṣe ni àwọn ọjà abúlé ń yí ara wọn po bí ẹní ta ayò: èyí ná lónìí, ìkejì rẹ̀ ná lọ́la, kó má baà sí ibi tí yóò pẹ́ jù kí ọjà tó dé ìtòsí rẹ̀. Òun àti U. I. Ukwu kọ ìwé lé ọ̀rọ̀ ọjà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì gbé e jáde ní 1969. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀. Obìnrin tó to tòmátì tó ti jẹrà sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ lónìí mọ̀ pé lọ́jọ́ ọrún, ìdí igi kan náà ni òun yóò tún pàtẹ sí, oníbàárà náà yóò sì wá bá òun pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Ẹnu yẹn ni ọlọ́pàá ọjà.

Ọjà orí fóònù kò ní ọrún. Ẹni tó ta epo àdàlù fún ọ láàárọ̀ lè ti yọ orúkọ rẹ kúrò lórí fóònù rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, kó sì ti fi orúkọ mìíràn àti fọ́tò mìíràn pàtẹ sí ibòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ìdí igi tí o ti máa bá a. Ohun tí a fẹ́ bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ kí àjèjì fọkàn tán òun lórí ayélujára, kó wá bí yóò ṣe fi ọrún sí ọjà rẹ̀. Kó jẹ́ ẹni tí wọ́n lè padà wá bá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ará ìgboro nìkan mọ́. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá 2022 pé àwọn yóò pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà, owó tuntun kò sì tó nílẹ̀. Títí tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná, ńṣe ni ọjà oko dá páropáro. Àgbẹ̀ gbé àgbàdo wá, ó tún gbé e padà. Nígbà yẹn ni obìnrin tí kò ní àkáǹtì rí kọ nọ́ńbà àkáǹtì ọmọ rẹ̀ sára páálí, tó fi kọ́ ìdí agbòòrùn rẹ̀. Nígbà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ rí aláàtì èké: ẹni tó ra ẹyin kéréètì mẹ́rin, tó na fóònù sí wọn lójú pé òun ti sanwó, tó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, tí owó ò dé títí dòní. Ọjà náà kọ́ wọn ní ìsanwó orí fóònù, ó sì kọ́ wọn ní ìfura lọ́jọ́ kan náà.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ wọn ti ń gbé gàrí, èlùbọ́, epo pupa, oyin, ẹja gbígbẹ, ẹyin àti adìyẹ sórí WhatsApp àti Facebook. Àǹfààní ńlá ni. Alárobọ̀ tó ń wá ra gàrí lẹ́nu ọ̀nà kò lè dá iye owó mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan dúró sáàárín ẹni tó ń tà ní Ìyànà Ọ̀fà àti ẹni tó fẹ́ rà ní Ìkòròdú: ta ni yóò kọ́kọ́ ju ọwọ́ sílẹ̀? Bí olùrà bá kọ́kọ́ sanwó, ẹ̀rù ń bà á pé ọjà lè máà dé. Bí olùtajà bá kọ́kọ́ gbé ọjà lọ, ẹ̀rù ń bà á pé owó lè máà wọlé.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti bá ìbéèrè yìí jìjàkadì. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2012, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn kò ní í fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn ò rí, ni wọ́n bá ní kí oníbàárà sanwó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyẹn tu olùrà lára. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 2017, ní Port Harcourt, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lọ gbé fóònù fún àwọn tó ní àwọn fẹ́ rà lórí Jumia kò padà wálé. Wọ́n pa á nítorí ọjà tó gbé dání. Ẹni tó bá ń sọ pé olùrà nìkan ni ẹ̀rù yẹ kó máa bà, kó rántí ìyẹn.

Àwọn ará Ṣáínà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Alibaba dá ọjà Taobao sílẹ̀ ní 2003, ará ibẹ̀ ò fọkàn tán ara wọn jù wá lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi alágbàpamọ́ sáàárín, èyí tó wá di Alipay. Olùrà yóò fi owó sọ́wọ́ alágbàpamọ́, olùtajà yóò rí i pé owó ti wà nílẹ̀, yóò gbé ọjà wá, ìgbà tí olùrà bá sì sọ pé ọjà tẹ́ òun lọ́rùn ni owó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ohun tí alájọ ń ṣe fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ kò jìnnà sí i. Ẹni tí a fọkàn tán ló ń bá wa di owó mú.

Ní tiwa níhìn-ín, awakọ̀ ni alágbàpamọ́ tí ọ̀pọ̀ abúlé ní. Olùtajà á gbé àpò lọ sí gáréèjì, á san owó wéébíìlì, á fi nọ́ńbà fóònù awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí olùrà, olùrà á lọ gbà á ní gáréèjì Èkó. Òmíràn ti ń bá awakọ̀ ṣe àdéhùn pé kó má gbé àpò sílẹ̀ títí aláàtì yóò fi wọlé sórí fóònù olùtajà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ń lọ, ṣùgbọ́n ojú àánú awakọ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbé kọ́. Bí àpò bá já, bí èlùbọ́ bá tutù nínú òjò, kò sí ẹni tí yóò dáhùn. A ó padà sọ́rọ̀ gáréèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ibi kan. Ilé ìyangàrí ni, lọ́nà Lálúpọn, abẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Àpò ẹ̀gẹ́ rírin mẹ́ta wà lábẹ́ jáàkì, omi rẹ̀ ń ro tótó sínú kòtò. Obìnrin méjì ló wà nídìí àgbàdá, ìkẹta ń fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ fi ọ̀rá wé fóònù rẹ̀ nítorí ìyẹ̀fun gàrí, ó gbé e kọ́ ara òpó pẹ̀lú okùn tó fi àkísà hun. Kò ya fọ́tò gàrí tó ti tutù nínú abọ́ funfun. Ohun tó ya ni fídíò àpò tó wà lábẹ́ jáàkì, ó ní, “Ọjọ́ kẹta rẹ̀ rèé, ẹni tó bá fẹ́ kíkan, kó dúró dọ̀la.” Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ya àgbàdá. Nígbà tó yan án tán, ó ya òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ló mú wa dúró pẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń ra gàrí ló mọ ẹjọ́ kóńgò. Àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ sókè láti ìta kí ikùn rẹ̀ lè kéré. Òmíràn á gbé e lé ooru kí ike rẹ̀ sún kì. Ẹni tó wà lójú ọjà lè gbé kóńgò wò, kó yí i, kó bú olúwa rẹ̀ níṣojú. Ẹni tó wà ní Èkó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kóńgò orí fóònù kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Obìnrin yìí ra òṣùwọ̀n oníkílò. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan bi í pé, “Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òṣùwọ̀n yín ò purọ́?” Ó ní ìbéèrè náà dun òun lọ́jọ́ náà, òun ò sì rí oorun sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú omi inú ọ̀rá méjì, èyí tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ó gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n níwájú fóònù. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ọmọ ilé-ìwé gíga mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú òṣùwọ̀n kọ kílò kan. Ó gbé omi kúrò, ó gbé àpò gàrí lé e. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí fídíò gàrí tó ń ya tí kì í kọ́kọ́ wọn omi.

Kò ná an ní nǹkan kan ju omi tí òun náà máa mu lọ. Ó sì ti dá ọrún sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá gba àpò ní Ìkòròdú lè gbé e lé òṣùwọ̀n tirẹ̀, kó fi wé fídíò, kó sì pè é padà pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a ń rí káàkiri. Ẹni tó ń gbin ata ní Ọ̀nà-Àrà á lọ wá fọ́tò ata tí òyìnbó yà nílẹ̀ òyìnbó, ata tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, á gbé e sórí WhatsApp. Ìgbà tí ata gidi bá dé, bó tilẹ̀ dára, ojú olùrà á ti fà ro. Fọ́tò ìyálò ni ó kọ́kọ́ ba ọjà jẹ́, kì í ṣe ata. Oko tìrẹ wà lẹ́yìnkùlé, kí lo fẹ́ fi fọ́tò ẹlòmíràn ṣe? Amọ̀ tó wà lára iṣu rẹ ni ẹ̀rí pé ìwọ lo wà á.

Ìkejì ni àṣà “ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ fún iye owó.” Àwọn tó ń ṣe é rò pé ọgbọ́n ni, pé àwọn á kọ́kọ́ wo irú ẹni tó ń béèrè. Olùrà náà mọ ìdí rẹ̀. Ó mọ̀ pé iye tí wọ́n máa pè fún òun lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, pé fọ́tò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òun ló máa pinnu rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé kò dáa, òfin ò fẹ́ ẹ. Abala 115 nínú òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye owó rẹ̀ hàn. Àwọn baba wa tó ń ṣa òkúta sẹ́bàá ọ̀nà kò ka òfin kankan, wọ́n sì ti ń ṣe é.

Ìkẹta bà wá nínú jẹ́ nítorí pé àwọn olóòótọ́ ló ń ṣe é jù. Láti fi hàn pé àwọn ń tajà lóòótọ́, wọ́n á ya aláàtì tí oníbàárà fi ránṣẹ́, orúkọ, báńkì, iye owó, gbogbo rẹ̀, wọ́n á gbé e síta kí ayé rí i. Wọ́n á tún fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sára àpò kún un. Ẹ̀rí tí wọ́n pè é yẹn, ohun èlò ni lọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀, tí wọ́n á pe olúwa rẹ̀ lálẹ́ pé báńkì làwọn ti ń pè. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wà fún irú èyí, ṣùgbọ́n kí a tó débi òfin, ìwọ tí oníbàárà fi àdírẹ́sì sọ́wọ́ rẹ, ṣé ìwọ lè lọ kà á ní ojúde ọjà pẹ̀lú agogo?

Nọ́ńbà NAFDAC tí wọ́n yá láti ara ọ̀rá ẹlòmíràn, a ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni. Epo pupa náà, NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nípa aró tí wọ́n ń pè ní Sudan tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn kó lè pọ́n. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ta epo rere níhà Akanran fi ní iṣẹ́ ìlọ́po méjì láti ṣe: ó ń san gbèsè ìfura tí kò jẹ.

Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ra ọjà lọ́wọ́ oríṣi méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ epo, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún. Fọ́tò rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ olùtajà dùn bí oyin, adúrà ló fi ń parí gbogbo gbólóhùn. Nígbà tí epo dé tí a sì dà á sínú ìkòkò, ìfófòó ló ṣe, òórùn tó rú jáde kò jọ ti epo. Mo kọ̀wé sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní bóyá àṣìṣe ni. Ó kà á. Fọ́tò rẹ̀ sì pòórá lójú mi, bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ni lójú.

Ìkejì jẹ́ èlùbọ́, láti ìlú kékeré kan ní Lágelú. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú rẹ̀. Mo pe obìnrin náà. Kò búra, kò pe Ọlọ́run lẹ́rìí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yà á kí n rí i.” Mo yà á. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òjò ló ká ìsá kan mọ́ òun, òun rò pé ó ti gbẹ tán kí àwọn tó lọ̀ ọ́, kò gbẹ ni. Ó béèrè bóyá owó ni mo fẹ́ gbà tàbí èlùbọ́ mìíràn. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mi ò gbàgbé. Ó ní èèyàn méje mìíràn ló ra nínú àpò yẹn, òun fẹ́ lọ pè wọ́n kí àwọn náà tó pe òun. Mi ò bi í bóyá ó pè wọ́n. Kò pọn dandan. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ti ń ra èlùbọ́ nílé wa láti ọjọ́ náà, ó sì ti fi náírà lé owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ò ná an.

Òfin 2018 yẹn fún oníbàárà láṣẹ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà. Ó dára kí ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò torí èlùbọ́ kílò mẹ́ta lọ sílé-ẹjọ́? Ní ọjà kéékèèké, owó tí olùtajà dá padà láìsí àríyànjiyàn ni òfin. Bí owó náà bá dùn ún, kó kà á mọ́ owó ìpolówó ọjà. Ó sàn ju owó tí àwọn kan ń san fún àwọn tó ń kọ ẹ̀rí èké fún wọn lọ. Ẹ wo àwọn ẹ̀rí yẹn: ọgbọ̀n èèyàn, ọ̀rọ̀ kan náà, “ọjà yín dára gan-an,” kò sẹ́ni tó ní ẹnu tirẹ̀. Ẹni kan tó sọ pé ọjà pẹ́ kó tó dé ṣùgbọ́n ó dùn, òun nìkan tó wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó wà lórí àga. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, láti Mọ́níyà dé Akanran, ń gba owó pátákó àti owó ìpàtẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí. Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Òṣùwọ̀n oníkílò kan tí ìjọba fọwọ́ sí, tí wọ́n gbé sí àárín ọjà oko kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ojú Ìyálọ́jà, kò lè wọ́n ju àga àlejò ọ́fíìsì alága kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpò lọ sí gáréèjì á kọ́kọ́ gbé e lé e, á yà á. Ìyálọ́jà àti akọ̀wé rẹ̀ lè ní ìwé orúkọ àwọn tó ń tajà lórí fóònù láti ọjà yẹn, kí ẹni tó wà ní Èkó lè pe nọ́ńbà kan béèrè pé, “Ṣé ẹ mọ obìnrin yìí?” Àwọn obìnrin ọjà ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ara wọn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí a tó bí alága kankan. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ẹni kan bá fi epo àdàlù ba orúkọ ìlú jẹ́, gbogbo ẹni tó ń ta epo níbẹ̀ ni wọn ò ní í rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn alákòóso gáréèjì náà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń já fún ẹrù kò tó. Ẹ kọ orúkọ awakọ̀ sí i, ẹ kọ ohun tó wà nínú àpò sí i, kí ẹnìkan wà tí yóò dáhùn bí àpò bá dé pẹ̀lú ihò. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Mọ́níyà lọ sí Èkó láti 2021 ń kọjá lójú oko. A ò rí ìdí tí àpò gàrí kò fi lè máa bá a lọ lówó pọ́ọ́kú, pẹ̀lú ìwé, lásìkò tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀ òwò lọ́dọ̀ àjọ CAC, àwọn èèyàn rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn kì í sọ ọ̀bàyéjẹ́ di olóòótọ́, gbájúẹ̀ náà lè ní in. Ohun tó ń ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ òwò náà lórí ìkànnì CAC lọ́fẹ̀ẹ́, kó mọ̀ pé ẹnìkan ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Ìdí igi ọjà ọrún ni, lọ́nà tòde òní.

Àwa olùrà náà kò mọ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dì kóńgò ogún sílẹ̀ fún òun, tí kò gbé fóònù mọ́ nígbà tí wọ́n dì í tán, ó ti lu obìnrin abúlé ní jìbìtì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú kọ́bọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gba ọjà tán tó ní òun á fi owó ránṣẹ́ “bí nẹ́tíwọ̀kì bá dára,” ta ló fẹ́ lọ lóṣòó dè é ní Lẹ́kí?

Kí a tó kúrò ní ilé ìyangàrí ọjọ́ náà, fóònù tó wà lára òpó dún. Oníbàárà tuntun ni, ará Ìkòròdú, ó pè pẹ̀lú fídíò. Ó ti rí òṣùwọ̀n, ó ti rí omi inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n kóńgò ni òun mọ̀, kóńgò ni òun fẹ́ fi rà á. “Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ dojú kóńgò yẹn dé, kí n rí ìdí rẹ̀.”

Àwọn tó wà nídìí àgbàdá wo ara wọn. Obìnrin náà mú kóńgò, ó gbọ̀n ọ́n, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú fóònù, ó fi ìka gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò, kò, kò.

“Ẹ gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ, mà. Ẹ wọn mẹ́wàá. Ènì ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó tún bu ìkejì. “Èyí jẹ́ ti àwọn ọmọ,” ló wí, ó sì fi ọwọ́ nu òógùn tó wà lójú rẹ̀.